Ẹ Má Jẹ́ Kí Ohùn Àwọn Àgbà Wa Parẹ́

Bí a bá wọ pálọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa, fọ́tò bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà ni ojú wa yóò kọ́kọ́ bá pàdé lára ògiri. A ti fi í sínú férémù, a ti kọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú sí abẹ́ rẹ̀, a sì ń nu eruku ara rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: ohùn wọn dà? Ta ni ó tún lè gbọ́ bí ìyá náà ti ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì ní kùtùkùtù òwúrọ̀, tàbí bí bàbá náà ti ń súre fún ará ilé kí oníkálukú tó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ? Fọ́tò kò lè kini. Bí ọmọ bá sì béèrè orúkọ ẹni tí ó bí bàbá bàbá rẹ̀, fọ́tò kò lè dá a lóhùn.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ẹni tí ń sọ ìsọkúsọ ni a sábà máa ń pa òwe náà fún. Ṣùgbọ́n ó bá ọ̀ràn tí a fẹ́ sọ yìí mu pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu àgbà jáde lónìí, bí a kò bá gbé ohun kan sílẹ̀ dè é, ó ti balẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ èyí, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń sọ pé àwọn kò ní owó tí àwọn yóò fi ra ẹ̀rọ ńlá. Ohun tí a fẹ́ fi hàn yín nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá ni ó ń mú kí ohùn dùn ún gbọ́. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ohun tí ń gba ohùn súnmọ́ ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Máìkì kékeré kan tí a há mọ́ aṣọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ orin alágbèéká tí ó lè gba ohùn sílẹ̀, tó fún iṣẹ́ náà.

OHÙN KAN LÁTI ỌDÚN 1922

Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, ẹni tí ó jẹ́ bàbá àgbà fún olórin nì, Fẹlá, kọ àwọn orin ìyìn ní èdè Yorùbá sórí àwo fún iléeṣẹ́ Zonophone ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní àkókò náà, àwọn iléeṣẹ́ tí ń ṣe àwo kò tíì máa lo máìkì. Ọdún 1925 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ìwo ńlá kan ni olórin máa ń kọjú sí. Inú ìwo náà ni ohùn rẹ̀ yóò gbà lọ láti mi abẹ́rẹ́ tí ń fi ìlà sára ìda. Bí olórin bá fà sẹ́yìn díẹ̀ jù, ohùn rẹ̀ kò ní ràn. Ó di dandan kí ó súnmọ́ ìwo náà.

Ní ọdún 1930 ni Àlùfáà Ransome-Kuti papò dà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà ti lọ, síbẹ̀ ẹni tí ó bá wá àwọn orin náà lónìí lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ wo iye àwọn ìyá àti bàbá tí wọ́n gbé ayé ní ìgbà kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn, ní Iléṣà, tí wọ́n mọ orin kọ, tí wọ́n mọ ìtàn pa, tí kò sí ẹnikẹ́ni tí ó lè sọ bí ohùn wọn ti rí mọ́! Ní ọjọ́ tiwọn, ọ̀nà kò sí fún wọn. Ní ọjọ́ tiwa, ọ̀nà wà.

Ẹ má sì rò pé ikú nìkan ni ó ń gba ohùn lọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ẹ̀mí rẹ̀ sì ṣì wà. Àìsàn ìgbàgbé tí ń bá àwọn àgbà mìíràn jà lè mú kí ẹni tí ó mọ oríkì ìran méje ní àná má dá ọmọ tirẹ̀ mọ̀ lónìí. Nítorí náà, ìgbà tí ara wọn le, tí ojú wọn dá, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ni ìgbà tí ó yẹ.

LÁTI ORÍ KÁSẸ́Ẹ̀TÌ DÉ ORÍ Ẹ̀RỌ KÉKERÉ

Àwọn tí ó dàgbà nínú wa kò ní gbàgbé kásẹ́ẹ̀tì. Ọdún 1963 ni iléeṣẹ́ Philips gbé e jáde, kò sì pẹ́ tí ó fi di ohun èlò ilé. Orí rẹ̀ ni a ti gbọ́ ìwàásù, orin ẹgbẹ́ akọrin, àti ìkíni tí àwọn ará ilé fi ń ránṣẹ́ sí ọmọ wọn tí ó wà ní òkè òkun.

Ní ọdún 1979, iléeṣẹ́ Sony ní ilẹ̀ Japan gbé Walkman jáde. Ohun ìyanu kan wà nínú ìtàn ẹ̀rọ yìí. Ara ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan tí wọ́n ṣe fún àwọn oníròyìn ni wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n mú apá tí ń gba ohùn sílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì ṣe é kí ó lè kọ orin sí etí méjèèjì. Láti ìgbà náà ni ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára láti rò pé ẹ̀rọ orin alágbèéká wà fún gbígbọ́ nìkan.

Ṣùgbọ́n apá tí wọ́n yọ kúrò ti padà. iPod jáde ní ọdún 2001. Ìran rẹ̀ ti ọdún 2003 lè gba ohùn bí a bá so máìkì pàtàkì kan mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ohùn náà kò já geere. Èyí tí ó jáde ní ọdún 2005 lè gbà á dáadáa, bí ti àwo CD. Ní ọdún 2022 ni iléeṣẹ́ Apple kéde pé àwọn kò ní ṣe iPod mọ́. Síbẹ̀, àwọn ẹ̀rọ MP3 kéékèèké mìíràn ṣì wà lọ́jà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń gba ohùn sílẹ̀. Àwọn mìíràn wà nínú dúrọ́ọ̀ ilé wa láìsí iṣẹ́ kankan láti ìgbà tí fóònù ti gba ipò wọn. Ẹni tí kò ní irú rẹ̀ lè lo fóònù rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo rẹ̀.

ÌDÍ TÍ MÁÌKÌ TÍ A HÁ MỌ́ AṢỌ FI DÁRA

Máìkì tí à ń sọ yìí ni èyí tí àwọn tí ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣàn ń há mọ́ kóòtù wọn. Kò ju orí ìka lọ. Ó ní ohun kan lẹ́yìn bíi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn, ó sì ní wáyà gígùn.

Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni a ń pè ní electret. Àwọn méjì kan, James West, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, àti Gerhard Sessler, ọmọ Jámánì, ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ tí ó yanjú ní ọdún 1962, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Awọ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ó di iná mọ́ra. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ a mi awọ náà bí ọ̀pá ti ń mi awọ gángan. Mímì yìí ni ó ń di iná tí ń gba inú wáyà lọ sínú ẹ̀rọ.

Wàyí o, èé ṣe tí a fi ní kí ó súnmọ́ ẹnu? Ohùn ènìyàn dàbí ìmọ́lẹ̀ àtùpà: bí ó ti ń jìnnà ni ó ń fọ́nká. Bí a bá gbé máìkì lọ sí ìlọ́po méjì ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, agbára ohùn tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí a bá gbé e láti sẹ̀ǹtímítà 20 lọ sí mítà 2, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò kù. Ariwo fáànù, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò àti ohùn tí ń ta padà lára ògiri kò sì dínkù ní tiwọn. Ìdí nìyí tí ohùn tí a gbà láti orí tábìlì àárín pálọ̀ fi máa ń dàbí ẹni pé inú kànga ni màmá ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ o. Jíjìnnà ni ó jìnnà.

Ohun mìíràn tún wà. Bí a bá na máìkì ńlá sí àgbà kan lẹ́nu, ojú a máa tì í, ohùn rẹ̀ a sì yí padà bí ẹni tí ó wà níwájú adájọ́. Máìkì kékeré ara aṣọ kì í dẹ́rù bà wọ́n. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ gidi yóò jáde.

Ẹ KỌ́KỌ́ YẸ OJÚ IHÒ Ẹ̀RỌ WÒ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ná owó lásán, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á. Kì í ṣe gbogbo ihò ni a lè ki máìkì bọ̀.

Bí ẹ̀rọ yín bá ní ihò kan ṣoṣo tí ó wà fún íápíìsì, ó lè jẹ́ pé ohùn kàn ń jáde níbẹ̀ ni, kì í wọlé. Ẹ wo orí wáyà máìkì tí ẹ fẹ́ rà. Èyí tí a ṣe fún fóònù ní ìlà mẹ́ta tí ó yí i po, nítorí ojú ihò kan náà ni fóònù fi ń gbọ́ tí ó sì fi ń sọ. Èyí tí a ṣe fún ẹ̀rọ tí ó ní ihò máìkì lọ́tọ̀ kì í ní ju ìlà kan tàbí méjì lọ. Bí a bá ki ọ̀kan bọ ojú ihò èkejì, ó lè má gba ohun kankan, tàbí kí ẹ̀rọ máa lo máìkì inú ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Wáyà kékeré kan wà lọ́jà tí ń yí ọ̀kan padà sí èkejì, kò sì wọ́n.

Àwọn ẹ̀rọ mìíràn ní ihò tí wọ́n kọ “Line In” sí. Kì í ṣe ti máìkì nìyẹn. Ó wà fún ohùn tí ó ti lágbára tẹ́lẹ̀, bíi èyí tí ń jáde láti inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì. Bí a bá ki máìkì bọ̀ ọ́, ohùn yóò kéré, yóò sì máa hó ṣìì. Ṣùgbọ́n ẹ má kẹ́gàn ihò yìí, nítorí òun ni ẹ lè fi da àwọn kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ó wà nílé sínú ẹ̀rọ tuntun kí wọ́n tó bàjẹ́ tán.

Lẹ́yìn èyí, máìkì electret nílò iná díẹ̀ kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kan ń fún un ní iná náà láti inú ihò máìkì wọn. Bí ti yín kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ra máìkì tí ó ní bátìrì kékeré tirẹ̀, èyí tí ó rí bíi bọ́tìnì aṣọ. Ẹ rántí láti pa á lẹ́yìn iṣẹ́, kí bátìrì náà má baà kú. Ọ̀nà tí ó dára jù ni pé kí ẹ gbé ẹ̀rọ yín lọ sí ìsọ̀, kí ẹ ki máìkì bọ̀ ọ́ níbẹ̀, kí ẹ gba ohùn díẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ kí ẹ tó sanwó.

IBI TÍ Ó YẸ KÍ MÁÌKÌ WÀ

Ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí méjì sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n ni ó dára jù, ní àárín àyà. Kò di dandan kí ó dojú kọ ẹnu gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn ń gbọ́ láti ìhà gbogbo. Bí ó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ èjìká, ohùn yóò máa lọ yóò máa bọ̀ bí orí wọn bá ti ń yí.

Aṣọ ilẹ̀ wa ní ọ̀ràn tirẹ̀. Bí bàbá bá wọ agbádá, ẹ má há a mọ́ agbádá náà, nítorí gbogbo ìgbà ni wọn yóò máa ká a sí èjìká, ìró aṣọ yóò sì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bọ́ agbádá, kí ẹ sì há a mọ́ ọrùn bùbá. Bí màmá bá wọ ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ṣéènì, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ìró kékeré tí a kò kà sí lójú ayé máa ń dún bí agogo létí máìkì. Léèsì líle àti aṣọ tí a fi sítáàṣì sí a máa pariwo. Àǹkárá tí ó ti rọ̀ ni ó dára. Ọmọ ọkùnrin kò gbọdọ̀ na ọwọ́ sí àyà ìyá àgbàlagbà. Ọmọbìnrin tàbí ìyàwó ilé ni kí ó bá wọn há a, tàbí kí wọ́n há a fúnra wọn.

Ẹ ká wáyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ máìkì kí ẹ tó gbà á gba inú aṣọ, kí ó má baà máa fà. Kí ẹ̀rọ náà wà nínú àpò tàbí lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ ìta ni ẹ wà, ẹ má yọ fóòmù kékeré tí ó bo orí máìkì, nítorí afẹ́fẹ́.

Ọ̀nà kan náà ni ó wúlò fún ẹni tí ń wàásù tàbí tí ń jẹ́rìí. Kí máìkì wà ní àyà rẹ̀, kí ẹ̀rọ wà nínú àpò rẹ̀. Ohùn rẹ̀ yóò dá ṣáká ju èyí tí a gbà láti ẹnu àwọn sípíkà lọ.

KÍ IṢẸ́ TÓ BẸ̀RẸ̀

1. Ẹ yan yàrá tí ó ní kọ́tìnì, àga tìmùtìmù tàbí bẹ́ẹ̀dì, nítorí wọ́n ń gbé ohùn mì. Yàrá òfìfo a máa dún gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn.
2. Ẹ pa fáànù, tẹlifíṣàn àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ má ṣe é nígbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù.
3. Ẹ rí i pé bátìrì ẹ̀rọ kún. Bí ó bá kú kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì ìdádúró, gbogbo ohun tí ẹ gbà lè lọ. Ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn.
4. Bí ẹ̀rọ bá fún yín láyè láti yàn, WAV ni ó dára jù láti fi pa ohùn mọ́: wákàtí kan rẹ̀ tí kì í ṣe onípa méjì yóò gba nǹkan bíi MB 320. MP3 oníwọ̀n 128 yóò gba nǹkan bíi MB 58 fún wákàtí kan, tí ó fi jẹ́ pé GB kan lè gba wákàtí 17.
5. Bí fóònù ni ẹ ń lò, ẹ ti ọ̀nà ìpè pa, kí ìpè má baà já iṣẹ́ yín.
6. Ẹ gba ìṣẹ́jú kan fún ìdánwò, kí ẹ sì fi íápíìsì gbọ́ ọ. Kí màmá rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì kọrin díẹ̀, nítorí orin a máa lágbára ju ọ̀rọ̀ lọ. Bí ohùn bá ń fọ́, ẹ dín ìwọ̀n gbígbà rẹ̀ kù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fo èyí.

BÍ A TI Ń BÁ ÀGBÀ SỌ̀RỌ̀

Gbígba ohùn ènìyàn ní ìkọ̀kọ̀ kò yẹ ọmọlúàbí. Ẹ sọ fún wọn pé, “Màmá, a fẹ́ gba ohùn yín sílẹ̀ kí àwọn ọmọ-ọmọ yín lè gbọ́.” Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Bí wọ́n bá sọ ohun kan tán tí wọ́n ní kí ẹ pa á rẹ́, ẹ pa á rẹ́ lójú wọn. Ọ̀rọ̀ ilé mìíràn wà tí kì í ṣe fún gbogbo ayé.

Ẹ kọ́kọ́ sọ orúkọ wọn, ọjọ́ náà àti ìlú tí ẹ wà sínú máìkì. Lẹ́yìn náà, ẹ má da ìbéèrè bò wọ́n bí ọlọ́pàá. Ẹ bi wọ́n ní ohun kan, kí ẹ sì dákẹ́. Ta ni ó sọ yín ní orúkọ, kí sì ni ìdí rẹ̀? Báwo ni wọ́n ti ń ki àwọn ará ilé yín? Orin wo ni ìyá yín fi ń rẹ̀ yín lẹ́kún? Báwo ni ẹ̀yin àti bàbá ṣe pàdé? Irú ọjà wo ni ẹ kọ́kọ́ tà, èló sì ni? Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ má yára gba ọ̀rọ̀ sọ. Ìgbà púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣe iyebíye jù wà lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ èdè wọn bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé. Ará Ìjẹ̀bú, kí ó sọ Ìjẹ̀bú; ará Èkìtì, kí ó sọ Èkìtì; ará Ìkálẹ̀, kí ó sọ Ìkálẹ̀. Ìwé lè kọ oríkì sílẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston bí ìyá bàbá rẹ̀ ti ń fa ohùn nígbà tí ó bá ń kì í. Bí ọmọ náà yóò bá gbọ́ ọ, etí ni yóò fi gbọ́ ọ.

BÍ A ṢE LÈ PA Á MỌ́

Ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì ni ooru ti ká kò, tí ẹ̀rọ ti jẹ okùn rẹ̀, tàbí tí ọmọ ilé ti gba orin mìíràn lé lórí. Fáìlì kì í hu èbu, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Bí ó bá wà lórí fóònù kan ṣoṣo, ọjọ́ tí olè bá gbé fóònù náà ni ohùn màmá lọ. Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ da á sí orí kọ̀ǹpútà, ẹ da òmíràn sí orí mẹ́mórì káàdì, kí ẹ sì fi ẹ̀kẹta ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tí ó wà ní ìlú mìíràn. Ẹ má fi orúkọ tí ẹ̀rọ fún fáìlì náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀, ọdún, oṣù àti ọjọ́ sí i, kí ẹni tí yóò rí i ní ogún ọdún sí i lè mọ ohun tí ó rí.

Ẹ̀yin ará, àwọn kan ń dúró de ọjọ́ tí wọn yóò ní ẹ̀rọ tí ó dára ju èyí lọ. Àwọn mìíràn ń dúró de ọjọ́ ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún bàbá, nígbà tí àwọn onífídíò yóò dé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ayẹyẹ, ìlù àti ayọ̀ kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí bàbá ń sọ. Ọ̀sán kan tí ilé parọ́rọ́, tí bàbá ti jẹun tán, tí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, ni ó dára jù. Ẹ há máìkì náà mọ́ ọrùn bùbá wọn, ẹ dán an wò, kí ẹ sì ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kì wá.”